Ẹ̀rín tí Ìyá Àgbà Rí Lójú Fèrèsé

Ìyá tó bí bàbá mi kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nínú ilé rẹ̀ ní Aboabo, ní ìlú Tamale ní àríwá Gánà, tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni àwọn tó ń wá kí wa ń tún sọ: obìnrin yẹn kì í gbàgbé èèyàn. Òótọ́ ni. Èmi tí mo dàgbà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ èyí tó kù. Kì í gbàgbé èèyàn, kì í sì í gbà kí èèyàn yí padà. Nítorí èyí kejì ni mo ṣe jókòó láti kọ nípa rẹ̀. N kò ní purọ́ pé ìfẹ́ nìkan ló ń ṣe mí.

Òwú ló ń tà. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù, abẹ́rẹ́, àti àwọn okùn aláràbarà tí àwọn télọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn fúgù, ẹ̀wù fífẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ìhà ọ̀dọ̀ wa ń wọ̀. Sọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí àga mẹ́ta gbà lọ. Ó dojú kọ ọ̀nà tí alùpùpù kì í dákẹ́ lórí rẹ̀, eruku a sì máa bà lé ọjà tó fi jẹ́ pé kí á tó ta òwú funfun fún oníbàárà, a ó kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n nù. Bàbá rẹ̀ ló kó ẹrù aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Tamale nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso. Òun fúnra rẹ̀ kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀. Hausa ló fi ń tajà, Dagbani ló fi ń kí aládùúgbò, Yorùbá ló fi ń bínú.

Mo rántí ọkùnrin kan tó wá láti Yendi. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun, ó sì wọ aṣọ tó dára. Ó béèrè òwú dúdú. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “O ti sanra. Ìwọ lo ra òwú aró méjì àti abẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ mi nígbà tí o ṣì ń kọ́ṣẹ́. O mú ẹrù rẹ, o lọ, o ò kí mi.” Ọkùnrin náà rò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, òun kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Aboabo. Ó tọrọ àforíjì, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pàápàá bó ti rí i tí àwọn Yorùbá ń ṣe. Gbogbo wa tó wà ní sọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àgbà. Nígbà tí ó lọ tán, mo ní, “Ìyá Àgbà, ó ti bẹ̀ yín.” Ó ń to bọ́tìnnì padà sínú agolo, kò wò mí.

“Ẹni tí kò kí mi nígbà tí kò ní nǹkan kan, kí ló fẹ́ yí i padà?”

Nítorí pé ó mọ ojú báyìí, àwọn èèyàn a máa wá bi í léèrè kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ. Wọn a dárúkọ ìdílé, wọn a dárúkọ ọmọkùnrin, òun a di ojú rẹ̀ díẹ̀. Bó bá ní, “Mo ti rí i, ó dára,” wọn a lọ gba ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá ní, “Mo ti rí i,” tó dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo rí ìyá kan tó wá sunkún níwájú rẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n kọ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tí ọmọ òun ṣe. Ìyá Àgbà sọ ọ́. Ó ní nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ju òkúta lu ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ lójú òun, ó sì ń wo bó ṣe ń tiro. Obìnrin náà ní, “Hájíà, ọmọdé ni nígbà yẹn.”

“Mo mọ̀ pé ọmọdé ni. Ojú tó fi wo ewúrẹ́ náà ni mo rí.”

Bó bá sì rí rere lára ẹnì kan, ó tán nìyẹn. Àwọn tó ń pọ́n ọn lé níbi òkú rẹ̀ kò rántí ìyẹn, èmi rántí. Télọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Láwàlì. Òjò ńlá kan bá Ìyá Àgbà lójijì lọ́jọ́ kan tó kó òwú tuntun síta. Láwàlì bọ́ fúgù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi bo ẹrù náà, ó dúró sínú òjò pẹ̀lú ṣòkòtò nìkan títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Nítorí ọ̀sán yẹn, Ìyá Àgbà fi ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Àǹtí Rìsíkátù, fún un. Kò pé ọdún méjì tí Àǹtí fi wọlé wá bá wa ní Aboabo pẹ̀lú ojú wíwú, tí ètè ti là. Mo wà níbẹ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Àǹtí jókòó sílẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá síwájú adájọ́.

Ìyá Àgbà mú omi gbígbóná àti aṣọ wá. Ó nu ojú ọmọ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Mo rò pé yóò pariwo, yóò pe àwọn àgbà ilé, yóò ránṣẹ́ sí Láwàlì. Nígbà tó nu ojú náà tán, ó fún aṣọ náà, ó ní, “Kí lo sọ sí i?”

Àǹtí Rìsíkátù ní, “Màmá?”

“Ẹni tó bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ nítorí ẹrù mi kò lè dédé lu ọmọ mi. Kí lo sọ sí i?”

Àǹtí dìde nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wọ ọkọ̀ lọ sí Kumasi, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà ọdún iléyá àti nígbà ààwẹ̀. Àmọ́ kò wọ ẹnu ọ̀nà ilé yẹn mọ́.

Èmi náà jẹ nínú oúnjẹ yìí, kí n má ṣe bí ẹni pé ọwọ́ mi mọ́. Èmi ni ó rí rere lára rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, nígbà tí mo dárúkọ gbogbo oníbàárà tó wọ sọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan láìfi ẹnì kan sílẹ̀. Ó ní, “Mẹ́mú, ìwọ jọ mí.” Láti ọjọ́ yẹn n kò lè ṣe àìdáa mọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo fọ́ dígí ńlá tó gbé kọ́ sí sọ́ọ̀bù. Mo fọ́ ọ pẹ̀lú ìbínú, mo ju sísọ́ọ̀sì lù ú nítorí pé ó ní n kò ní lọ kí ìyá mi lọ́sẹ̀ yẹn. Mo sọ fún un pé èmi ni, nítorí mo fẹ́ kó mọ̀ pé inú ń bí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí.

“Irọ́ lo ń pa, o fẹ́ gba ẹlòmíràn sílẹ̀. Mo mọ̀ ẹ́.”

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ìyá mi báyìí.

Fùséénà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Dàgọ́ńbà tó ń sọ Dagbani ni, láti Vittin ní gúúsù ìlú. Mma ni mo ń pè é, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pe ìyá. Bàbá mi, Ràfíù, fẹ́ ẹ níṣu lọ́kà, àwọn ẹbí méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ìyá Àgbà fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ó rí i, kò sọ pé ó dára, kò sì dákẹ́ lọ́nà tí ń dẹ́rù bani. Ó ní kí ó wọlé. Mma kọ́ Yorùbá débi tó fi lè bá àwọn ìyàwó ilé ṣàwàdà. Fún ọdún márùn-ún, wọ́n ń dáná pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá Àgbà, kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, n kò rántí nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí Ìyá Àgbà fi tọ́ mi dàgbà: pé lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ti ń wẹ òkú lọ́wọ́, òun jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ bomi, òun sì gba ojú fèrèsé rí ìyàwó ọmọ òun nínú yàrá, tó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́. Eyín rẹ̀ ló rí. Ó ń sọ ọ́ nígbà gbogbo, láìgbóhùn sókè, bí ẹni tó ń sọ ibi tí ọ̀nà kan gbà. Bí Mma bá se ọbẹ̀ tó dùn, nítorí pé ó fẹ́ bo ẹ̀rín ọjọ́ náà ni. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹ̀rín ọjọ́ náà ló ń jà á. Bàbá mi dúró láàárín wọn fún ọdún márùn-ún mìíràn. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lu alùpùpù rẹ̀ lọ́nà Choggu, òun náà kú.

Mma ṣe opó tán, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó bọ́ aṣọ opó, Ìyá Àgbà ti di ẹrù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó di í dáadáa, kò fa nǹkan kan ya. Ìkòkò Mma wà níbẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn bàtà rẹ̀ wà nínú ọ̀rá. Aṣọ tèmi kò sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo dúró lẹ́yìn Ìyá Àgbà, ó di ọwọ́ mi mú. Mma kúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ mi.” Àwọn ìyàwó ilé dúró lẹ́nu yàrá wọn, wọ́n ń wòran. Mo gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà sọ, mo sì ń gbọ́ ọ títí dòní bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

“Ilé yìí ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Lọ rẹ́rìn-ín níbòmíràn.”

Mma padà sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Vittin, ó ń dín kóósé, àkàrà ẹlẹ́wà tí gbogbo ìlú fi ń mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, láàárọ̀. Ìyá Àgbà jẹ́ kí n máa lọ kí i ní Sátidé, bí inú rẹ̀ bá dùn. Mo ní láti sọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dójú tì mí. Bí Mma bá ń rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí mo sọ, eyín rẹ̀ ni mo máa ń wò. Mo ń wá nǹkan kan níbẹ̀. N kò mọ ohun tí mo ń wá, àmọ́ mo ti gbà pé ó wà níbẹ̀. Ó rí i pé mo ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìtìjú àwọn obìnrin Vittin ni.

Mo lọ sí yunifásítì ní ìsàlẹ̀ Gánà, mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá, mo sì dúró síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ohun tí mo yàn láti máa wádìí ni bí a ṣe ń rántí èèyàn. A máa ń fi àwòrán ojú ẹni tí wọn kò mọ̀ rí han àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn, a ó sọ ìtàn kékeré kan nípa rẹ̀, rere tàbí búburú. Bí ọjọ́ bá pẹ́, a ó tún fi ojú náà hàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtàn náà á ti sọnù lórí wọn, àmọ́ ìkórìíra tàbí ìfẹ́ tí ìtàn náà bí á ṣì wà. Bí a bá tilẹ̀ sọ fún wọn pé irọ́ ni ìtàn náà, wọn á ní àwọn gbọ́, ojú náà kò sì ní wù wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa bi mí níbi tí mo ti rí irú ìbéèrè yìí. Mo máa ń sọ pé inú ìwé ni.

Nígbà tí iyè Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rá, ìlú mìíràn ni mo wà. Wọ́n rí i lójú ọ̀nà láìbo orí, tó ń béèrè sọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ iwájú sọ́ọ̀bù náà gan-an ló dúró sí. Mo pe Àǹtí Rìsíkátù. Ó ní, “Kí Láwàlì wá tọ́jú rẹ̀,” ó sì pa fóònù. Mo ń wá ẹni tí mo lè gbà síṣẹ́ ni wọ́n pè mí láti ilé pé ìyá mi ti dé, ó ti bọ́ aṣọ ìdọ̀tí lára Ìyá Àgbà, ó sì ti ń fọ ilé. Kò sẹ́ni tó rán an. Ojoojúmọ́ ló ń wọ takisí láti Vittin wá sí Aboabo, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń padà lálẹ́.

Mo sáré wálé. Mo dì mọ́ Mma, mo ní Ọlọ́run yóò san án fún un, mo ní irú àánú báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó yọ ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀.

“Kì í ṣe àánú. Ó lé mi kí ó má bàa rí mi. Mo fẹ́ kó máa rí mi lójoojúmọ́.”

Ìyá Àgbà sì ń rí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo lò nílé, ó béèrè Bàbá Àgbà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ó ní ó ti pẹ́ jù ní mọ́sálásí. Ó béèrè bàbá mi, ó ní kó má gun alùpùpù sáré. Gbogbo òkú rẹ̀ ló ti jí. Ọjọ́ ọ̀fọ̀ kò sí mọ́, fèrèsé kò sí mọ́, ẹ̀rín kò sí mọ́. Àmọ́ bí Mma bá wọlé pẹ̀lú àwo, Ìyá Àgbà á yí ojú sí ògiri. Mo ní, “Ìyá Àgbà, ta ni yẹn?” Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní, “Kí ló fi ṣe yín?” Ó rò ó gan-an. Mo rí i pé ó ń wá a, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀.

“N kò mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe èèyàn rere.”

Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo kọ ọ́. N kò lọ fara balẹ̀ rò ó, mo kàn jókòó, mo kọ ọ́. Ìwé ìwádìí mi tó jáde lọ́dún yẹn, ìtàn rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀: ìyá arúgbó kan ní àríwá Gánà, tó gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, tí kò sì gbàgbé láti kórìíra ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ òkú náà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí mi láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ náà wọ àwọn lọ́kàn.

Mo gbé e lọ fún Mma ní Vittin. Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Mo rò pé mo ti jà fún un níwájú gbogbo ayé, pé mo ti fi hàn pé aburú tí Ìyá Àgbà ń rò sí i kò ní gbòǹgbò mọ́. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀wà tó ti rẹ sínú omi. Mo túmọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà fún un ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó gbá èèpo ẹ̀wà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, “O kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.”

Mo ní, “Ohun tí Ìyá Àgbà rí ni, Mma. Mo fẹ́ fi hàn pé—”

“Mo rẹ́rìn-ín. N kò jiyàn. O ò bi mí rí pé ta ni mo rẹ́rìn-ín sí.”

N kò bi í rí lóòótọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mo ti ń gbé ẹ̀rín náà kiri, mo ti kàwé lórí rẹ̀, mo ti gba oyè lórí rẹ̀, n kò bi ẹni tó ni ẹnu.

Ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní gìrì ti mú mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún un ní ọsibítù pé kó má jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí. Ariwo ẹkún ló jí mi lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo ń béèrè Bàbá Àgbà. Ó gbé mi sápá, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn wà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní Bàbá ń sùn, pé eré ni àwọn èèyàn ń ṣe níta. Mo rẹ́rìn-ín padà. Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Àgbà dúró níta pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, ó ń wò ó.

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?”

“Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Bàbá rẹ sọ ọ́ fún un títí ó fi kú. Ó ní ọmọ ni mo fi ń bojú.”

Ó tún ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kó má bínú. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní Dagbani tí n kò gbọ́ dáadáa. Ó wá gbójú sókè wò mí.

“Òun, ojú fèrèsé ló gbà rí mi. Ìwọ, apá mi lo wà.”

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé ìwádìí náà jáde. Wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Wọ́n tẹ àtúnṣe ìlà mẹ́ta sínú àtẹ̀jáde tó tẹ̀ lé e, ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Àwọn tó ka ti àkọ́kọ́ kò ka ìyẹn. Mo ṣì ń rí i tí wọ́n ń tọ́ka sí obìnrin tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ọ̀fọ̀, nínú iṣẹ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo tún lọ bá Ìyá Àgbà. Mo yan àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ mọ́, tó mọ̀ mí, tó pè mí ní Mẹ́mú. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ọjọ́ òkú, ọmọ tí gìrì mú, ìyá tó gbé e sápá, ẹ̀rín tó fi tù ú. N kò tíì rí i kó fetí sí ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá itan rẹ̀.

Ó ní, “Áà! Ọmọ ló ń tù. Ìyá gidi ni. Ọmọ náà ńkọ́, ara rẹ̀ yá?”

Mo ní, “Ara rẹ̀ yá, Ìyá Àgbà.”

“Kí Ọlọ́run dá a sí fún ìyá rẹ̀.”

Mo ń sunkún. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, pé ohun tí ìwádìí mi sọ pé kò ṣeé ṣe ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. A wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàtà Mma dún lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé omi ìwẹ̀ wá. Ìyá Àgbà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ náà kó tó rí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú tèmi, ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ bojú.

Ó ní, “Mẹ́mú, ẹni burúkú yẹn ti dé.”

Mma gbọ́. Ó gbé omi náà kalẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì wẹ̀ ẹ́.

Ó wẹ̀ ẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án sí i. N kò sí nílé lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kú. Lẹ́yìn ìrun àìlá, ní ọ̀sán, ni Mma pè mí. Mo béèrè bóyá Ìyá Àgbà sọ nǹkan kan kó tó lọ, bí gbogbo ọmọ ṣe máa ń béèrè. Mma kọ́kọ́ ní kò sọ nǹkan kan. Mo tún béèrè.

“Ó ní kí n jókòó síbi tí òun kò ní rí mi.”

Mo bá wọn nígbà tí wọ́n ti wẹ òkú, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, tí wọ́n gbé e sí àgbàlá. Àgbàlá kún, Hausa, Dàgọ́ńbà àti Yorùbá. Àǹtí Rìsíkátù kò wá. Kí àwọn ọkùnrin tó gbé òkú jáde, Ààfáà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń bi wá. Ó ní ìyá yìí bá wa gbé, ó bá wa tà, ó bá wa rà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ìyá yìí ṣẹ̀, kó dárí jì í báyìí, kó má gbé e dé ọ̀run.

Ó dákẹ́ kí àwọn èèyàn lè dáhùn. Àwọn tó mọ ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àgbàlá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n, kò wo òkú. Ìyá mi ni wọ́n ń wò. Òun ló kọ́kọ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dún ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní, “Mo dárí jì í.” Àwọn tó kù tẹ̀ lé e, ohùn wọn gba gbogbo àgbàlá. Àwọn obìnrin kan bú sẹ́kún. Ààfáà gan-an fi ọwọ́ nu ojú, ó ní kí Ọlọ́run fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ jíǹkí wa. Èmi dúró ti ìyá mi. N kò bá wọn sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú lọ, mo tẹ̀ lé Mma wọ yàrá. Ó ti ń ká ẹní tí Ìyá Àgbà kú lé lórí. Mo bá a di igun kejì mú. Mo ní, “Mma, ṣé lóòótọ́ ni ẹ dárí jì í?”

“Rárá.”

“Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?”

Ó ká ẹní náà tán, ó gbé e ti ògiri.

“Inú ìlú yìí kan náà ni màá ṣì máa gbé, Mẹ́mú.”